Yá Oòrùn: Ọ̀rọ̀ Kan Láti Inú Àkòdì Èkìtì



Láìpẹ́ yìí, mo kọ gbólóhùn kan sójú pátákó nínú kíláàsì mi ní Adó-Èkìtì: "Bàbá ń yá oòrùn." Akẹ́kọ̀ọ́ kan bi mí pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, lọ́wọ́ ta ni Bàbá ti ń yá a?" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi.

Yá yìí kì í ṣe ti owó yíyá. Òun ló wà nínú "yáná": kí ènìyàn jókòó ti ohun tó gbóná kí òtútù lè kúrò lára rẹ̀. Ọ̀rọ̀-ìṣe ni èdè wa fi ń ya oòrùn kan sọ́tọ̀ sí èkejì. Oòrùn a máa pa àgbẹ̀ lóko. A máa ń sá aṣọ sóòrùn. Láàárọ̀ ọyẹ́, a máa ń yá oòrùn.

Kí ló dé tí àwọn ọ̀dọ́ kò mọ ẹ̀kẹta? Lójú tèmi, ilé ló gbé e lọ. Àkòdì ni ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́ ní Èkìtì: àwọn yàrá àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ abẹ́ òrùlé ewé yí àgbàlá tí a kò bò lórí ká. Ibẹ̀ ni òjò ń gbà rọ̀ sínú ìkòkò, ibẹ̀ náà ni oòrùn ń gbà wọlé. Nígbà ọyẹ́, ògiri a dí afẹ́fẹ́ tútù, àgbà a sì máa gbé àpótí rẹ̀ tẹ̀lé oòrùn láti igun kan dé èkejì.

Ẹ wo ààfin Ògògà ní Ìkéré, tí kò jìnnà sí Adó. Láàrin 1910 sí 1914 ni Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́ òpó àti ilẹ̀kùn fún ààfin alágbàlá yìí. Àwọn ère ara ilẹ̀kùn náà yọ síta tó bẹ́ẹ̀ tí òjìji wọn yóò fi máa bá ìmọ́lẹ̀ yí. Ní 1924, wọ́n gbé ilẹ̀kùn yìí lọ sí ìpàtẹ Wembley. Ti British Museum ni lónìí, òpó kan sì wà ní Chicago. Wọ́n ti kúrò nínú oòrùn tí a gbẹ́ wọn fún.

Lẹ́yìn náà, páànù rọ́pò ewé. Àǹfààní ni, nítorí kì í tètè jóná. Ṣùgbọ́n ilé tí yàrá ń kọjú sí yàrá lábẹ́ òrùlé kan ṣoṣo gba ipò àkòdì. Àgbàlá di ọ̀nà tóóró tó ṣókùnkùn lọ́sàn-án. Ọ̀rọ̀ náà kò ríbi jókòó mọ́.

Bí ọyẹ́ bá tún dé, ẹ gbé àga síta, kí ẹ yá oòrùn. Bí ọmọdé bá bèèrè ohun tí ẹ ń ṣe, ẹ pe orúkọ rẹ̀ sí i létí.