Wíwọn dúdú èéfín níbi tí wọ́n ti ń sun gáàsì dànù

Bí wọ́n bá ń fa epo rọ̀bì jáde nínú ilẹ̀, gáàsì a máa bá a jáde. Níbi tí kò bá ti sí páìpù tí yóò gbé gáàsì yìí lọ sọ́jà, wọn a darí rẹ̀ gba ọ̀pá gíga kan, wọn a sì tanná ràn án. Bí gáàsì náà bá wúwo, tí propane àti butane pọ̀ nínú rẹ̀, tí iná kò sì rí atẹ́gùn tó, kì í jó tán. Dúdú èéfín ló ń ṣẹ́ kù, irú èyí tó ń lẹ̀ mọ́ ìdí ìkòkò lórí iná igi. Ó kéré débi pé ó ń bá èémí wọ inú ẹ̀dọ̀fóró.

Wíwọn rẹ̀ le. Gbangba ojú ọ̀run ni iná náà ti ń jó, afẹ́fẹ́ ń tì í síhìn-ín sọ́hùn-ún, kò sì sẹ́ni tó lè ki irinṣẹ́ bọ inú rẹ̀. Ojú ni wọ́n kọ́kọ́ fi ń wò ó. Ní 1888, Maximilien Ringelmann ará Faransé ṣe káàdì tí wọ́n ń fi dúdú èéfín wé. Ní Amẹ́ríkà, ìlànà kan ṣì wà tí òṣìṣẹ́ fi ń kẹ̀yìn sí oòrùn, tí yóò máa wo èéfín ní ìṣẹ́jú àáyá 15 síra, tí yóò sì kọ bó ṣe dí ojú ọ̀run tó sílẹ̀. Ìyẹn sọ bó ṣe dú tó. Kò sọ bó ṣe wúwo tó.

Ọ̀nà tó wú mi lórí jù ni sky-LOSA, tí Matthew Johnson àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Carleton ní Kánádà gbé kalẹ̀. Wọn a kọjú kámẹ́rà sí èéfín náà láti òkèèrè. Ìmọ́lẹ̀ ojú ọ̀run ń gba inú èéfín kọjá, dúdú inú rẹ̀ sì ń gbé díẹ̀ mì. Wọn a fi ìmọ́lẹ̀ tó kù wé ti ojú ọ̀run tó mọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọn a sì ṣírò ìwọ̀n dúdú tó dí i. Lẹ́yìn náà, wọn a máa tọ ìṣù èéfín láti àwòrán kan dé èkejì kí wọ́n lè mọ bó ṣe ń yára tó. Ní Uzbekistan, iná ńlá kan ń tú nǹkan bíi gíráàmù 2 jáde ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, bí ìgbà tí bọ́ọ̀sì 500 ń rìn láìdúró. Bí kò bá sinmi, ó ju kílò 170 lọ lóòjọ́.

Ní North Dakota, bàálù ló gba inú èéfín kọjá ní 2014, tí lésà inú bàálù náà ń mú ẹyọ dúdú kọ̀ọ̀kan gbóná títí yóò fi tàn. Sátẹ́láìtì Suomi NPP, tó gòkè ní 2011, ń rí ooru iná wọ̀nyí lóru. Ìwọ̀n gáàsì ni wọ́n ń tipa rẹ̀ ṣírò, kì í ṣe dúdú èéfín. Síbẹ̀, ìṣirò kan ní 2013 fi hàn pé iná gáàsì ló ni ìdá 42 nínú 100 dúdú tó wà nínú afẹ́fẹ́ ìsàlẹ̀ ní agbègbè Arctic.

Ní Port Harcourt, láti ìparí 2016 ni dúdú ti ń bà sórí ọkọ̀ àti aṣọ tí wọ́n sá. Yàtọ̀ sí ti iná gáàsì, èéfín ilé ìfọpo tí kò bófin mu náà wà nínú rẹ̀, nítorí náà irinṣẹ́ tó wà láàárín ìlú nìkan kò lè sọ ti ta ni; ìdí iná gan-an ló yẹ kí wọ́n ti wọ̀n ọ́n. Àwọn tó ń mí i símú lẹ́tọ̀ọ́ láti mọ iye rẹ̀. Òfin Nàìjíríà ti ka sísun gáàsì láìgba àṣẹ léèwọ̀ láti oṣù kìn-ín-ní 1984. Ìlànà 2018 wá bu dọ́là 2 lé ẹsẹ̀ bàtà oníhà mẹ́ta 1,000 gáàsì tí àwọn tó ń wa àgbá epo 10,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lóòjọ́ bá sun. Gáàsì ni wọ́n ń kà. Bí iná méjì bá sun ìwọ̀n kan náà, tí ọ̀kan mọ́ tí èkejì ń tú èéfín dúdú, iye kan náà ni àwọn tó ni wọ́n yóò san.