Ta Ni Kí Dókítà Kọ́kọ́ Dá Lóhùn?

Àwa tó wà nílùú Jos lọ́jọ́ 20 oṣù karùn-ún 2014 ò lè gbàgbé. Bọ́ǹbù méjì dún ní Terminus lọ́sàn-án, nǹkan bí ìṣẹ́jú 30 ló wà láàárín wọn. Àwọn kan tó sáré wá ṣèrànwọ́ ni èkejì ká mọ́bẹ̀. Èèyàn tó kú lé ní 100. Ọsibítù ò jìnnà síbẹ̀, ṣùgbọ́n tí àwọn tó fara pa bá ya dé lẹ́ẹ̀kan náà, ta ni kí nọ́ọ̀sì kọ́kọ́ gbé?

Ìbéèrè yìí ti pẹ́ láyé. Larrey, dókítà àwọn ọmọ ogun Napoleon ní ilẹ̀ Faransé, ló sọ ọ́ dàṣà pé ẹni tí ọgbẹ́ rẹ̀ burú jù ni kí wọ́n kọ́kọ́ tọ́jú, ìbáà jẹ́ ọ̀gágun tàbí ọmọ ogun lásán. (Mo mọ ibi tí "mo mọ ọ̀gá" ṣì ń ṣáájú ẹ̀jẹ̀.) Triage tí wọ́n ń pe iṣẹ́ náà, ṣíṣà ló túmọ̀ sí lédè Faransé, bí a ṣe ń ṣa tòmátì ní Farin Gada gẹ́lẹ́.

Ní 2004, àwọn dókítà kan kóra jọ ní Cape Town láti ṣe èyí tó bá Áfíríkà mu. Wọ́n á ka èémí, wọ́n á ka bí ọkàn ṣe ń lù, wọ́n á wo ìgbóná ara, wọ́n á fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní máàkì. Tó bá pé 7, àwọ̀ pupa nìyẹn, ojú ẹsẹ̀ ni. Tó bá jẹ́ 5 tàbí 6, àwọ̀ ọsàn, kò gbọdọ̀ ju ìṣẹ́jú 10 lọ. Ó dáa. Àmọ́ ẹni tó mí nígbà 29 ní ìṣẹ́jú kan gba máàkì 2, ẹni tó mí nígbà 30 gba 3. Èémí kan ṣoṣo lè gbé èèyàn kúrò ní ọsàn bọ́ sí pupa! Bẹ́ẹ̀ nọ́ọ̀sì lè ṣì í kà nínú ariwo.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ Lotfi Zadeh ti wọlé, ọmọ bíbí Baku tó fìgbà kan kọ́ni ní yunifásítì ní Berkeley, Amẹ́ríkà. Ohun tó kọ ní 1965 ló bí fuzzy logic, kò sì ṣàjèjì sí oníṣòwò. Tòmátì kì í kàn ṣe pé ó pọ́n tàbí kò pọ́n. Èyí tí à ń kó lọ Èkó, ó ń pọ́n bọ̀ ni. Zadeh ní ká máa ka nǹkan bẹ́ẹ̀, láti òdo dé oókan. Ká ní èémí 29 jẹ́ 0.8 nínú "ó burú", 30 á jẹ́ 0.85, kò ní fò lójijì. Kọ̀ǹpútà á wá pa á pọ̀ mọ́ ìlù ọkàn àti ìgbóná, á to àwọn aláìsàn tẹ̀léra, títí kan àwọn tí àwọ̀ wọn jọra.

Àwọn dókítà ló ṣì máa sọ fún un bí "burú" ṣe tó o. Tí iná bá sì lọ, pépà aláwọ̀ yẹn náà la máa padà sí. Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì tó wà láàárín wa, ẹ bá wa dá sí i.