Àjẹ̀, Ìrukọ̀ àti Ẹ̀wù Ìléfòó

Ẹni tó bá fẹ́ kọ ìwé ìtọ́sọ́nà fún àwọn ọmọ Sikáòtù tí yóò fi ọkọ̀ ojú omi rìnrìn-àjò ní agbègbè Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ̀ yóò kọ́kọ́ kọsẹ̀ lára orúkọ igbó kó tó dé odò. Aginjù ló máa ń wá sí wa lẹ́nu. Láyé àtijọ́, igbó ńlá tí èèyàn kì í gbé ni aginjù. Ṣùgbọ́n látìgbà tí Bíbélì ti mú àwọn ọmọ Ísírẹ́lì rìn nínú rẹ̀ fún ogójì ọdún, iyanrìn àti òùngbẹ ló ń wá sọ́kàn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ tó bá gbọ́ ọ. Ta ni yóò tukọ̀ nínú iyanrìn? Ẹgàn ló sún mọ́ ohun tí à ń wí, igbó tí àdá àti ọkọ́ kò tíì kàn. Àmọ́ oko kòkó àti àwọn agégẹdú kò jẹ́ kí ẹgàn tòótọ́ pọ̀ mọ́. Èyí tí ìjọba fi pamọ́, irú ti ìlú Ifọ́n, igbó ọba ni. Orúkọ yìí wù mí ju méjì yòókù lọ, nítorí ó sọ ẹni tó ni igbó, ó sì ń rán olórí ẹgbẹ́ létí pé kó lọ gbàṣẹ kó tó kó ọmọ ọlọ́mọ wọ̀ ọ́.

Odò Ọ̀sẹ̀ ló fún ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀sẹ̀ lórúkọ. Ó ń ṣàn lọ sí gúúsù wọ ilẹ̀ Ẹ̀dó, níbi tí wọ́n ti ń pè é ní Ovia, kó tó já sí odò Benin. Ṣùgbọ́n Ọ̀wọ̀ kì í ṣe ìlú ọlọ́kọ̀ ojú omi. Àgbẹ̀, oníṣòwò àti àwọn tó ń gbẹ́ eyín erin ló sọ ọ́ di olókìkí. Ọ̀dọ̀ àwọn Ìlàjẹ, níhà Ìgbókòdá àti Ayétòrò, ni ọ̀rọ̀ ọkọ̀ wà ní ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ibi kejì tí a ti lè rí i ni Bíbélì Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tí odindi rẹ̀ jáde ní 1884: ìtọ́kọ̀, ìdákọ̀ró, ìgbokùn, ìdí ọkọ̀, èbúté, àti ìwọdò, ibi tí omi ò ti jìn tí èèyàn lè fẹsẹ̀ là kọjá. Kí ẹnikẹ́ni tó jókòó ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ tuntun, kó kọ́kọ́ lọ béèrè lọ́wọ́ apẹja. Ìdajì iṣẹ́ náà ti parí kó tó dé.

Ẹ wo àjẹ̀, pátákó tí a fi ń wa omi. Ọ̀rọ̀ gidi ni, kò sì sí ìdí tí a fi máa wá òmíràn. Ewu tó wà níbẹ̀ ni àmì ohùn. Bí ẹni tó ń kọ pátákó ìkéde àgọ́ bá gbàgbé àmì, tó kọ ọ́ pé kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú aje tirẹ̀ wá, ọ̀pọ̀ ìyá ni yóò wá mú ọmọ wọn lọ sílé. Àwọn kan á sì rò pé owó ni.

Ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ti ṣí kúrò lójú omi. Awakọ̀ lónìí, gáréèjì ló ń gbé. Nítorí náà, atukọ̀ ni mo fẹ́ kí á máa pe ọmọ tó di àjẹ̀ mú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn olóṣèlú ti fẹ́ gba orúkọ yẹn náà mọ́ wa lọ́wọ́.

Níbo wá ni a ti nílò ọ̀rọ̀ tuntun? Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, odò fà, àpáta yọ orí, àwọn ọmọ á ní láti gbé ọkọ̀ kúrò nínú omi, kí wọ́n rù ú gba etí odò títí dé ibi tí omi tún ti jìn. Ìrukọ̀ ni mo pe èyí. Bí ìtukọ̀ ṣe rí ló rí: omi gbà, a tu ọkọ̀, omi ò gbà, a ru ọkọ̀. Ọmọ Ọ̀wọ̀ tó ń pe ilé ní ulé lè pè é ní ùrukọ̀, kò burú rárá. Ọ̀rọ̀ tí ẹ̀ka-èdè bá lè tún ṣe sí bó ṣe fẹ́ ti di ti ilé nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ mìíràn wà tí a ní, tí a kàn ń lò nílòkulò. Gbogbo jàǹbá ojú omi ni ìròyìn máa ń sọ pé ọkọ̀ rì. Ọkọ̀ tó rì ti lọ sísàlẹ̀. Ọkọ̀ tó dojúdé, ikùn rẹ̀ ló kọjú sókè. Bó bá jẹ́ igi ni wọ́n fi ṣe é, yóò ṣì léfòó, ẹni tó bá sì dì í mú lè rí ìrànlọ́wọ́ gbà. Ọmọ tí wọ́n kọ́ pé ọkọ̀ ti rì yóò fi í sílẹ̀, yóò máa lúwẹ̀ẹ́ lọ sí bèbè tó jìnnà. Èyí tí wọ́n kọ́ ní ìdojúdé yóò dúró ti ọkọ̀. Níhìn-ín ni mo ti ń bá àwọn tó ń sọ pé eré ìwé lásán ni ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ jà.

Ìdí kan náà ni n kò fi gba orúkọ ẹ̀wù agbẹ̀mílà. Ẹ̀wù kì í gba ẹ̀mí là fún ẹni tí kò so okùn rẹ̀. Ẹ̀wù ìléfòó sọ ìwọ̀n ohun tó lè ṣe, kò ṣèlérí kọjá agbára rẹ̀.

Sikáòtù ní tirẹ̀, ẹ jẹ́ kó máa jẹ́ Sikáòtù. Iṣẹ́ ológun ni Baden-Powell, olùdásílẹ̀ ẹgbẹ́ náà, ti mú orúkọ náà wá kó tó kó àwọn ọmọkùnrin lọ pàgọ́ sí erékùṣù Brownsea ní 1907. Bí a bá túmọ̀ rẹ̀ sí amí, òbí wo ni yóò fi ọmọ rẹ̀ sílẹ̀? Àwọn ọmọ mẹ́fà sí mẹ́jọ tó ń rìn pọ̀ lábẹ́ olórí kan, ọ̀wọ́ ni wọ́n. (Ọ̀wọ́ ọmọ Ọ̀wọ̀: ẹ kíyè sí àmì o.) Ṣùgbọ́n àyálò ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Ní 1951, wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ kan sílẹ̀ ní Man O' War Bay, nítòsí Victoria, ní apá Kamẹrúùnù tí òun àti Nàìjíríà jọ wà lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà. Alec Dickson ló dá a sílẹ̀, òkun àti òkè ni wọ́n sì fi ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní ìṣe olórí. Nígbà tó yá, iṣẹ́ náà bọ́ sí Àpápá fún ti omi, àti Shere Hills nítòsí Jos fún ti òkè. Lónìí, bí a bá dárúkọ Mánòwọ́, ọ̀dọ́ tó ń yan nínú àgọ́ àgùnbánirọ̀ la máa ń rí. Omi ti gbẹ kúrò nínú orúkọ náà. Orúkọ ẹgbẹ́ lè jẹ́ àyálò. Iṣẹ́ tí ọwọ́ ń ṣe lójú omi, àfi kó wà lédè tí ọmọ fi ń lálàá.

Àṣẹ ló kù. Nínú ariwo omi, ọ̀rọ̀ gígùn kì í dé ìdí ọkọ̀. Tu! Dúró! Fà! Bí omi bá bo lẹ́tà mọ́lẹ̀, ohùn ṣì lè la á kọjá. Ẹni tó gbọ́ ìlù rí kò nílò àlàyé. Ẹ̀yìn àpáta wà pẹ̀lú, níbi tí omi ti ń yí padà, tí ọkọ̀ ti lè sinmi. Mo gbìyànjú orúkọ oríṣìíríṣìí fún un, gbogbo wọn ló gùn ju ìgbà tí ọmọ ní láti fi yà síbẹ̀ lọ. Ẹ̀yìn àpáta náà ni kí olórí ọ̀wọ́ máa ké, kó sì ti kọ́ wọn lórí ilẹ̀ gbígbẹ pé bí wọ́n bá ti gbọ́ ọ, àjẹ̀ ọ̀tún yóò dúró, ti òsì yóò tu, tàbí kí ti òsì dúró, ti ọ̀tún sì tu, bí ibi tí àpáta wà bá ṣe rí.