Ilé Ẹ̀kọ́ Wo Ni Ọmọ Olórin Yóò Lọ?

Àbúrò mi obìnrin bi mí léèrè pé níbo ni kí òun fi ọmọkùnrin òun sí, ṣé ilé ẹ̀kọ́ ìjọba ni tàbí ti aládàáni. Ọmọ náà kò ka bọ́ọ̀lù sí. Bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ń sáré ìje, ẹ̀yìn ni a ti ń bá a. Ṣùgbọ́n bí ó bá gbọ́ orin lẹ́ẹ̀kan, ìka rẹ̀ yóò wá a rí lórí dùùrù. Owó ilé ẹ̀kọ́ aládàáni tí ó ní lọ́kàn yóò sì gbé gbogbo èrè òwò rẹ̀ mì. N kò tètè dá a lóhùn. Ìtàn Èkó ni mo kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Fela Sowande, tí a bí ní 1905, jẹ nínú àwo méjèèjì. Ó lọ sí CMS Grammar School, tí ìjọ Áńgílíkà dá sílẹ̀ ní 1859; ó sì lọ sí King's College, tí ìjọba amúnisìn dá sílẹ̀ ní 1909. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ ọlọ́lá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ṣe àwòṣe King's College, níbi tí wọ́n ti gbà pé orí pápá ni ọmọ ti ń di ọkùnrin. (Èmi kò tí ì rí ẹni tí kírikẹ́ẹ̀tì sọ di ọkùnrin, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a máa lọ.)

Ta ni ó wá kọ́ Sowande ní dùùrù? T. K. Ekundayo Phillips ni, ẹni tí ó ń tẹ dùùrù ní kàtídírà Christ Church ní Marina láti 1914 títí di 1962. Nínú ẹgbẹ́ akọrin rẹ̀ ni ọmọ náà ti bẹ̀rẹ̀. Ayọ̀ Bánkólé, tí a bí ní 1935, lọ sí Baptist Academy, ṣùgbọ́n inú ilé ni orin ti kọ́kọ́ bá a: atẹdùùrù ṣọ́ọ̀ṣì ni bàbá rẹ̀. Dùùrù onífèrè kì í ṣe ohun tí òbí ń rà sí pálọ̀. Ìjọ ni ó ní in, ọmọ tálákà tí ó bá lè fara da ìgbáradì sì lè fọwọ́ kàn án. Ó dùn mí pé ilẹ̀kùn yẹn kò ṣí bẹ́ẹ̀ fún ọmọ Mùsùlùmí.

Nígbà tí ìjọba gba àwọn ilé ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ ìjọ láàárín 1970 sí 1979, ògiri àti àga ni ó gbà. Dùùrù wà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí ìjọba Èkó fẹ́ fòpin sí ilé ẹ̀kọ́ aládàáni ní 1980, Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Okogie gbé e lọ sí kóòtù, ó sì borí. Nínú gbogbo àríyànjiyàn yẹn, n kò rántí ẹni tí ó béèrè ibi tí ọmọ yóò ti rí dùùrù tẹ̀.

Mo wí fún àbúrò mi pé kí ó fi ọmọ náà sí ilé ẹ̀kọ́ ìjọba tí ó sún mọ́ ṣọ́ọ̀ṣì tí ó ní ẹgbẹ́ akọrin gidi, kí ó sì fi díẹ̀ nínú owó náà san olùkọ́ dùùrù. Ó dákẹ́ díẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ìgbáradì akọrin kì í tètè parí. Ta ni yóò máa lọ mú un bọ̀ bí ilẹ̀ bá ti ṣú?”