Ẹ Jẹ́ Kí Ìkóríta Ojú Irin Ṣófo, Áńbúláǹsì Fẹ́ Kọjá



Ọdún 1896 ni ìjọba òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ ojú irin láti Èkó. Ó dé Ìbàdàn ní 1901, ó sì wọ Òṣogbo tiwa ní 1907. Ẹ fi ọdún yẹn sọ́kàn. Ẹsẹ̀ làwọn baba wa fi ń rìn nígbà náà, orí ni wọ́n fi ń ru èkùrọ́ àti òwú. Ta ló máa ro ti áńbúláǹsì tàbí ọkọ̀ panápaná? Wọ́n kàn tẹ́ irin gba orí ọ̀nà kọjá ni. Ẹni tó bá gbọ́ fèrè á yà sẹ́yìn, ó parí.

Ibi tí rélùwéè bá sì ti ń dúró, ọjà á hù síbẹ̀. Ìyẹn ò burú, òun ló sọ ìlú wa di ńlá. Àmọ́ bí rélùwéè kì í ti í kọjá púpọ̀ mọ́, ọjà ti rọra gun orí irin.

Lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn, mò ń gbé màmá mi lọ sọ́sibítù, wọn ò rí èémí mí dáadáa. A dé ìkóríta irin, ó dí pa. Rélùwéè kankan ò sì ń bọ̀ o! Kẹ̀kẹ́ Màrúwà ló ń kó èrò lórí irin, tòmátì wà lápá ọ̀tún, ọ̀kadà wà lápá òsì. Ogún ìṣẹ́jú gbáko. Màmá yè é, ọpẹ́ ni.

Tí ọkọ̀ ojú irin bá wá ń bọ̀ ńkọ́? Kò lè dúró bíi mọ́tò. Wọ́n á tẹ bíréèkì, á ṣì máa lọ jìnnà. Ẹ rántí ọjọ́ 9 oṣù Kẹta 2023 ní Ìkẹjà, nígbà tó kọlu bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́ ìjọba Èkó. Èèyàn mẹ́fà ló kú.

Wọ́n kọ́ afárá sí ọ̀pọ̀ ibi lójú irin tuntun tí wọ́n ṣí ní 2021, àmọ́ Ìbàdàn ló parí sí. Irin àtijọ́ ṣì ni tiwa. Nítorí náà, bí iwájú yín ò bá tíì ṣí, ẹ má gun orí irin. Ẹ bá àwọn ìyá ọlọ́jà sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí wọ́n sún àtẹ sẹ́yìn. Kí ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé sì kọ ìkóríta tó le jù ládùúgbò yín síbí, ká lè kó o lọ bá ìjọba ìbílẹ̀ kí ọjọ́ ìpàdé tó pé.