Títì Tó Gba Iwájú Ilé Wa

Kí wọ́n tó bí ẹnikẹ́ni nínú àwa ẹlẹ́gbẹ́ ni ọ̀rọ̀ ọ̀nà ti wà nílẹ̀ ní Ọ̀yọ́. Ní 1906 ni wọ́n la ọ̀nà mọ́tò láti Ìbàdàn dé ọ̀dọ̀ wa, ọ̀kan nínú àwọn àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Rélùwéè ní tirẹ̀ dé Òṣogbo ní 1907, ó sì gba ibẹ̀ lọ sí Ìlọrin. Kò ya Ọ̀yọ́, kò ya Ògbómọ̀ṣọ́. Mọ́tò nìkan ló kù fún wa.

Ọ̀nà náà ṣe wá lóore, a ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí rélùwéè rẹ̀yìn, tí tírélà gba ẹrù rù, àárín ìlú wa àti Tákíè ní Ògbómọ̀ṣọ́ di ọ̀nà Òkè Ọya. Ọlọ́kadà, oníṣu, ọmọ iléèwé, gbogbo wọn ń bá tírélà du títì kan ṣoṣo.

Ní 2010, ìjọba àpapọ̀ gbé iṣẹ́ títì tuntun jáde láti Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́, èyí tí àlọ àti àbọ̀ rẹ̀ yóò yà sọ́tọ̀. Ọdún mẹ́wàá kọjá, kò parí. Ti Ògbómọ̀ṣọ́ sí Ìlọrin sì ti parí ṣáájú!

Ẹ̀yin tó ń bọ̀ wá bá wa ṣayẹyẹ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbé ọkọ̀ sí etí títì.