Àwọn tí Ó Ka Labalábá Ilẹ̀ Yìí, àti Iṣẹ́ tí Ó Kù fún Ìbàràpá

Ìtàn ọba, ìtàn ogun àti ìtàn bí a ṣe tẹ ìlú dó ni a sábà máa ń kà nínú ìwé ọdọọdún yìí. Èyí tí a mú wá lọ́tẹ̀ yìí kéré lójú, nítorí ìtàn labalábá ni. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ilẹ̀ wa gan-an ni.

Àwọn baba wa kò fojú kéré kòkòrò. Láti inú ìtẹ́ tí ìdin irú àfòpiná kan ń hun sára igi ni wọ́n ti ń rí òwú sányán, aṣọ iyì tí àwọn ahunṣọ Ìsẹ́yìn, aládùúgbò wa, mọ̀ dáadáa. Ìmọ̀ wà, ìwé ni kò sí.

Ní ọdún 1930, A.F.B. Bridges, òṣìṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní ilẹ̀ yìí, dá ẹgbẹ́ Nigerian Field Society sílẹ̀. Ìwé ẹgbẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní 1931. Olúkúlùkù ọmọ ẹgbẹ́ ní iṣẹ́ tí ó ń ṣe jẹun. Nígbà tí ọwọ́ bá dilẹ̀ ni wọ́n ń lọ wo ẹyẹ, igi àti kòkòrò, tí wọ́n sì ń kọ ohun tí wọ́n rí sílẹ̀ láìgba owó. Ní 1957, ilé ìtẹ̀wé Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìwé John Boorman àti Patrick Roche lórí labalábá Nàìjíríà jáde ní apá-apá. Lẹ́yìn wọn ni Torben Larsen, ará Denmark, dé. Ìmọ̀ ọrọ̀-ajé ni iṣẹ́ tirẹ̀, síbẹ̀ ìwé rẹ̀ ti 2005 to nǹkan bí 1,500 irú labalábá Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà lẹ́sẹẹsẹ.

Iṣẹ́ náà kò la agbára lọ. Àwọ̀n fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni a fi ń mú wọn. Àwọn kan kì í wá òdòdó. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ó ti rà ni a fi ń tàn wọ́n. Àwọn mìíràn a máa péjọ mu omi lórí ẹrẹ̀ etí odò. Èyí tí ó ṣe pàtàkì jù ni kí a kọ ọjọ́ àti ibi tí a ti rí ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Níhìn-ín ni onílé ti ju àlejò lọ. Irú labalábá kékeré kan wà nínú igbó, Bicyclus ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Nígbà òjò, àmì roboto bí ẹyinjú hàn ketekete lára apá rẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àmì náà a fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́, apá rẹ̀ a sì dà bí ewé gbígbẹ. Ẹni tí ó bẹ̀ wá wò fún ọ̀sẹ̀ méjì lè rò pé irú méjì ni. Àlejò lójú, kò fi ríran. Ẹni tí ń gbé ìlú yípo ọdún ni yóò mọ òtítọ́.

Odò Ògùn tí ó gba ẹ̀gbẹ́ Ìbàràpá kọjá, inú igbó Ọ̀yọ́-Ilé ni ó gbà wá. Ìjọba dá igbó náà sí fún ẹranko ní 1952, ó sì di ọgbà ìjọba àpapọ̀ ní 1991. Ẹ̀ṣọ́ wà níbẹ̀. Ní tiwa, kò sí ẹ̀ṣọ́ fún etí odò àti igbó kéékèèké tí ó kù láàárín oko ẹ̀gẹ́ àti ti ẹ̀gúsí. Bí àáké bá dé ibẹ̀ kí ìwé tó dé, a kò ní lè sọ ohun tí a pàdánù fún ọmọ wa.

Ẹ rántí pé kíkà ni ó mú kí ayé gba ọ̀rọ̀ ìbejì Igbó-Ọrà gbọ́. Ní àwọn ọdún 1960 ni àwọn oníṣègùn Ìbàdàn ń wá sọ́dọ̀ wa. Nylander, ọ̀kan nínú wọn, ka ìbí, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ohun tí gbogbo ilé mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ìwé ni ó sọ ọ́ di ẹ̀rí.

Nítorí náà, a bẹ ẹ̀yin olùkọ́ láti Èrúwà dé Igangan: ẹ mú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jáde lẹ́ẹ̀kan lóṣù, lójò àti lẹ́ẹ̀rùn, sí ojú kan náà, kí ẹ kọ ohun tí ẹ rí. Ẹ bẹ̀rẹ̀ nídìí igi ọsàn: ìdin tí àgbẹ̀ ń pa lórí ewé rẹ̀ ni ó ń di labalábá ńlá dúdú aláàmì ìyeyè nì. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní ìdálẹ̀, ẹ fi àwọ̀n àti ìwé ránṣẹ́. Àlejò ti ṣe tiwọn láìgba owó. Ọwọ́ onílé ni ó kù.